Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ MAKARÓNÍ ONÍKARAHUN ŃLÁ: BÍ A TI Í YÀN ÁN ÀTI BÍ A TI Í SÈ É

 

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn kan ní ajílẹ̀ ni, àwọn kan ní owó èsúsú ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní ìlú òyìnbó fi ohùn ṣọ̀kan. Wọ́n ní bí àwọn bá lọ tọ́jú ọmọ tuntun lọ́hùn-ún, àwọn a máa bá makaróní ńlá kan tí ó rí bí ìkarahun nínú ilé ìdáná, àwọn kò sì mọ bí a ti í ṣe é. Àwọn kan nínú yín bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín ní tiwa, nítorí pé ojú wa ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. A ó sọ ọ́ fún yín kí á tó túká.

Kí ni nǹkan náà?

Makaróní tí a mọ̀ dáadáa ní ilé níhìn-ín kéré, ó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, ó sì ní ihò nínú. Ìbátan rẹ̀ ni sìpàgẹ́tì. Àwọn ará Ítálì ni wọ́n sọ wọ́n di oúnjẹ ojoojúmọ́, pásítà sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ìdílé náà. Èyí tí à ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní conchiglioni. Ní èdè Ítálì, conchiglia ni ìkarahun inú òkun. Bí ẹ bá rí -ette ní ìparí orúkọ náà, kékeré ni, inú ọbẹ̀ olómi ni wọ́n ń dà á sí. Bí ẹ bá rí -oni, ńlá ni, òun ni wọ́n ń ki nǹkan sí nínú. Ẹ ò rí i pé lẹ́tà díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ lè sọ ohun tí a ó rà di ohun mìíràn?

Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní lumaconi. Lumaca ni ìgbín ní èdè wọn. Nítorí náà ìgbín ńlá ni lumaconi. A lè ki nǹkan sí òun náà nínú. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó rí lára páálí ni Jumbo Shells. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín bí a ti kọ ọ́ sí ojú pátákó yìí.

Ní Ítálì, ìlú kan wà lẹ́bàá Naples tí ń jẹ́ Gragnano. Iṣẹ́ pásítà ni a mọ̀ wọ́n mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dáàbò bo orúkọ ìlú náà, pé ẹni tí kò bá ṣe pásítà tirẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà wọn kò gbọdọ̀ kọ Pasta di Gragnano sí ara páálí rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé a ṣòfin pé gàrí tí wọn kò yan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò gbọdọ̀ jẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí, ẹ mọ ohun tí à ń wí.

Bí a ti í yàn án lọ́jà

Ohun márùn-ún ni kí ẹ wò.

Èkínní ni ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ṣe é. Àlìkámà kan wà tí ó le ju àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì lọ. Durum ni orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, kì í kúnná lúbúlúbú, ó máa ń rí háráhárá bí sẹ́mò tí a ń rò. Òun ni kì í jẹ́ kí makaróní tètè wó nínú omi gbígbóná. Ní ọdún 1967, ìjọba Ítálì fi òfin dè é pé àlìkámà líle yìí ni kí wọ́n máa fi ṣe pásítà gbígbẹ tí wọn yóò tà ní ilẹ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí, durum, tàbí grano duro, ní ibi tí wọ́n to èròjà sí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dá páálí náà padà sí orí igbá.

Èkejì ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹnu ìkarahun náà gbọdọ̀ gba ṣíbí. Èyí tí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ orí ìka nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀, ọbẹ̀ ni ó wà fún.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ó pé. Ìkarahun tí ó ti fọ́ kò lè gbé nǹkan dúró. Bí ojú kan bá wà lára páálí tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ yọjú wò ó. Bí ẹ bá rí èéfọ́ púpọ̀ ní ìsàlẹ̀, ẹ mú òmíràn. Láìka èyí sí, díẹ̀ yóò fọ́ lójú ọ̀nà, díẹ̀ yóò sì ya nínú ìkòkò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ogún, kí ó se mẹ́rìnlélógún.

Ẹ̀kẹrin ni ara rẹ̀. Àwọn kan ń dán, ara wọn pupa rẹ́súrẹ́sú bí òróró. Àwọn mìíràn funfun díẹ̀, ara wọn sì rí ṣákaṣàka bí ẹni pé ìyẹ̀fun wà lára wọn. Ihò onídẹ ni wọ́n fi ti àwọn wọ̀nyí jáde, al bronzo ni wọ́n sì ń kọ sí ara páálí wọn. Ọbẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ wọn ju àwọn tí ń dán lọ. Bí ó bá sì ní ilà gbọ́rọgbọ̀rọ lára, ìyẹn náà dára, nítorí pé ọbẹ̀ a máa wọ inú ilà náà.

Ìkarùn-ún ni nọ́ńbà. Ní ẹ̀yìn tàbí ní ẹ̀gbẹ́ páálí, ẹ ó rí nọ́ńbà kan, ó lè jẹ́ 9, ó lè jẹ́ 12, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, min yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú ni min. Iye ìṣẹ́jú tí a ó fi sè é nìyẹn. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a sọ lónìí, ẹ má gbàgbé nọ́ńbà yìí. Òun ni ó dójú ti àwa tí à ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ohun tí ojú wa rí

Ní ọdún 2019, a lọ kí ọmọ wa obìnrin ní London. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyàwó wa sì ti ṣáájú wa dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwọn àna wa fẹ́ wá jẹun. Ọmọ wa ti ra conchiglioni sílẹ̀, ó ti ṣe ọbẹ̀ tòmátì, ó sì ti po èròjà tí yóò kì sí inú rẹ̀. Ó kù kí ó se makaróní náà, ṣùgbọ́n ọmọ ń sunkún, òun náà kò sì tíì sùn láti òru. Àánú rẹ̀ ṣe wá. A ní, "Lọ dùbúlẹ̀ jàre. Makaróní ṣá ni, kì í ṣe iyán."

Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn páálí o."

A dá a lóhùn pé ó lé ní ogún ọdún tí a fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà. A kò wo ẹ̀yìn páálí.

Ìkòkò kékeré tí a kọ́kọ́ rí ni a gbé kaná. A da gbogbo gíráàmù 500 sí i lẹ́ẹ̀kan náà, a dé e, a sì lọ jókòó ti ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, a ṣí i. Ẹ̀yin ará, kò sí ìkarahun mọ́. Omi ti gbẹ mọ́ wọn lára, èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìkòkò, àwọn tó kù ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, wọ́n dì pọ̀ bí ẹ̀bà àná. A sì fi ipá ro ó kí ó lè tú, ni èyí tí ó ṣẹ́kù bá tún fọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Agogo ẹnu ọ̀nà dún. Àwọn àna ti dé.

Ọmọ wa jáde wá, ó wo inú ìkòkò, kò sọ nǹkan kan. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe nítorí makaróní, àárẹ̀ ni. Ó da ọbẹ̀ àti èròjà lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó bù ú sí àwo, àwọn àna wa sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀yàyà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó yọ páálí náà láti inú garawa ìdọ̀tí, ó nu ara rẹ̀, ó sì rọra gbé e sí orí tábìlì ní iwájú wa. Nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ gàdàgbà. 14.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ó mọ̀wé kà tí kò kà á, òun àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, ìkòkò kan náà ni wọn yóò jọ bà jẹ́.

Bí a ti í sè é

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á sọ bí ó ti yẹ kí á ṣe é.

Ẹ lo ìkòkò tí ó tóbi. Ìwọ̀n tí àwọn ará Ítálì ń lò ni lítà omi 1 fún gíráàmù pásítà 100. Bí a bá fẹ́ se ààbọ̀ páálí Amẹ́ríkà, tí ó máa ń jẹ́ gíráàmù 340 lódidi, gíráàmù 170 ni ìyẹn. Lítà omi 2 yóò tó o. Ẹ jẹ́ kí omi náà hó yàà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi iyọ̀ sí i, nǹkan bí gíráàmù 10 fún lítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ṣíbí tíì kan àti ààbọ̀. Ẹ má da òróró sínú omi náà. Òróró a máa lẹ̀ mọ́ ara makaróní, ọbẹ̀ a sì máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀.

Ẹ rọra da ìkarahun sí i. Ẹ fi ṣíbí onígi rò ó jẹ́jẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, nítorí pé ìgbà náà ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Òmíràn a máa wọ inú ẹnìkejì rẹ̀ bí abọ́ tí a tò jọ. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ yà wọ́n. Ẹ má dé ìkòkò náà.

Wàyí o, ẹ wo agogo. Bí páálí bá wí pé 12, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní 9 tàbí 10. Ẹ ó bi wá pé, ṣé a kò ní kí á tẹ̀lé ohun tí páálí wí ni? A ní bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà wà fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tiwa yóò tún wọ ófùnù, ìyẹn ààrò tí wọ́n fi ń yan nǹkan. Níbẹ̀ ni yóò ti tún mu omi ọbẹ̀, tí yóò sì jinná tán. Bí ó bá ti rọ̀ tán kí ó tó dé ibẹ̀, yóò wó. Páálí mìíràn tilẹ̀ máa ń kọ nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún jíjẹ, ọ̀kan fún yíyan. Ẹ kà á dé ìparí.

Láti dán an wò, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ gé e níbi tí ó nípọn jù. Ó yẹ kí ara rẹ̀ tẹ̀ láì ya, kí àárín rẹ̀ sì tún le díẹ̀ sí eyín. Bí ìyẹ̀fun funfun bá ṣì hàn púpọ̀ ní àárín rẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un.

Ẹ má dà á sínú ajere gìrìgìrì bí ẹni ń da ẹ̀wà. Ẹ fi ṣíbí onihò kó o díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa tiréè, kí ẹ sì tò wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu wọn kọjú sílẹ̀ kí omi inú wọn lè ro dànù. Ẹ má kó wọn jọ gègèrè, wọn yóò lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá ti tutù dé ibi tí ọwọ́ lè gbà á, iṣẹ́ yá.

Èròjà inú rẹ̀

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kì sí i nínú ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Ítálì ti mú oúnjẹ yìí gbajúmọ̀, ni wàràkàṣì rírọ̀ kan tí ń jẹ́ ricotta. Ó funfun bíi wàrà àwọn Fúlàní, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù ú lọ, ó sì fúyẹ́. Fún ogún ìkarahun, ẹ lo gíráàmù 450. Ẹ fọ́ ẹyin 1 sí i. Ẹ fi gíráàmù 100 mozzarella tí a rin kún un, àti gíráàmù 50 Parmesan. Ẹ fi spinach sí i, ẹ̀fọ́ kan tí ó rọ̀ bíi gbúre, nǹkan bí gíráàmù 280 ti inú yìnyín. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó yọ́, kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù gírígírí bí ẹ ti ń fún ewúro. Bí omi bá kù nínú ẹ̀fọ́, yóò ṣàn sínú àwo, ọbẹ̀ yóò sì di omi ṣooro. Iyọ̀ díẹ̀, ata gúnlẹ̀ díẹ̀, ó parí.

Ẹ da ọbẹ̀ tòmátì díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwo ófùnù kí ìkarahun má baà gbẹ mọ́ ọn. Ẹ fi ṣíbí ki èròjà sínú ìkarahun kọ̀ọ̀kan, kí ó kún, ṣùgbọ́n kí ó má ya á. Ẹ tò wọ́n sínú àwo, kí ẹnu wọn kọjú sókè. Ẹ da ọbẹ̀ tó kù lé wọn, gbogbo ọbẹ̀ náà kò ju nǹkan bí gíráàmù 700 lọ. Ẹ fi fóìlì bò ó. Ẹ yan án fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì yan án fún ìṣẹ́jú 10 sí i. Àárín rẹ̀ gbọdọ̀ gbóná dáadáa nítorí ẹyin inú rẹ̀. Èyí tí ó bá kù, ẹ má jẹ́ kí ó wà níta ju wákàtí méjì lọ kí ó tó wọ fìríìjì.

Ẹ tún fetí sí èyí. Àlìkámà wà nínú oúnjẹ yìí, wàrà wà níbẹ̀, ẹyin wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí lè ṣe ní jàǹbá ńlá. Kí ẹ tó fún ọmọ-ọmọ yín jẹ, ẹ bi ìyá rẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ìyá elélùbọ́

Ìyá wa kan tí ń ta elùbọ́ jókòó sí àárín yín níhìn-ín. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2021 tí ó wọ kíláàsì yìí, kò mọ nọ́ńbà 6 yàtọ̀ sí 9. Ní ọdún 2022, ó lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ jó. Ó bá páálí Jumbo Shells nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó fi wé lẹ́tà páálí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí nọ́ńbà, ó rí min. Ṣùgbọ́n ó tún rí 375, kò sì yé e. Ó ní, ṣé ìṣẹ́jú 375 ni àwọn yóò fi yan án ni?

Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ náà gbọ́ òyìnbó, kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìyá náà gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ òyìnbó. Láti ìgbà tí ó ti dé, ẹ̀rín nìkan ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ lé 375, ó sì fi ọwọ́ kan náà tọ́ka sí ojú ófùnù. 375 wà níbẹ̀. Ìwọ̀n ooru ni, kì í ṣe ìṣẹ́jú! Ní Amẹ́ríkà, Fahrenheit ni wọ́n fi ń wọn ooru. Ní ìlú òyìnbó, Celsius ni. 375 ti Amẹ́ríkà, 190 ni ní London. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá náà ka ọ̀rọ̀ kan, ọmọ náà ka òmíràn. Ìyá sọ pé, "Ìṣẹ́jú." Ọmọ tún un wí. Ọmọ sọ pé, "Shell." Ìyá ní, "Ìkarahun." Báyìí ni wọ́n ṣe kà á títí dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì jọ sè é. Nígbà tí ìyá ọmọ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá oúnjẹ lórí tábìlì, ogún ìkarahun, kò sí èyí tí ó ya. Ọmọ náà sì sáré pàdé rẹ̀, ó ń ké ní Yorùbá pé, "Ìkarahun! Ìkarahun!"

Ìyá wa sọ fún wa pé òun kò jẹ púpọ̀ níbẹ̀, nítorí pé wàràkàṣì kò bá òun lára mu. Ó ní ariwo ọmọ náà ni ó yó òun.

Ẹ̀yin ará, bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Bí àgbà bá kàwé, ọmọ yóò tẹ̀ lé e. Kí á tó lọ sílé, ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí sínú ìwé yín:

1. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ ó wá lára páálí láti mọ̀ pé àlìkámà líle ni wọ́n fi ṣe é?
2. Bí páálí bá wí pé 14 min, tí a ó sì tún yan án, ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ ó fi sè é?
3. Lítà omi mélòó ni ó yẹ kí á lò fún gíráàmù 500 tí àwa bà jẹ́ ní London?
4. Kí ni ìdí tí a kì í fi da òróró sínú omi rẹ̀?

Ẹni tí ó bá ní páálí oúnjẹ kankan nílé, ìbáà ṣe ti mílíìkì, ìbáà ṣe ti ṣúgà onígun, kí ó mú un wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. A ó jọ kà á. Àwa náà yóò mú tiwa wá. Páálí tí ọmọ wa gbé sí iwájú wa ní ọdún 2019 ṣì wà lọ́wọ́ wa.

Ó dàárọ̀ o.